Koríko Tí Ẹ Ní Kí Wọ́n Gé

Daddy mi ọ̀wọ́n,

Etí ihò ni mo ń pe ilẹ̀ kékeré tó yí ẹnu ihò ẹranko ká, níbi tí ewéko ti yàtọ̀ sí ti ibi tó kù, nítorí pé ẹranko tó ni ihò náà ń jẹ níbẹ̀, ó ń tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń yàgbẹ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá mọ etí ihò kà lè sọ irú ẹranko tó wà nínú ilẹ̀ láìtíì fojú rí i. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn. Ohun tí ẹ fi ń yangàn nípa mi ní sọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ ọ, mo sì ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ iléèwé, fún ẹnjiníà, fún àwọn tó ń kọ́lé. Ẹ̀yin nìkan ni mo rò pé kò yẹ kí n tún un ṣàlàyé fún.

Inú ń bí mi sí yín, Daddy. Mo mọ̀ pé a kì í kọ lẹ́tà ìbínú sí ẹni tó ti lọ. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá sọ ọ́ fún yín, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ kí n ti tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Irú ẹranko méjì ló wà nínú rẹ̀. Èkíní ni èyí tí mo lọ ń wò ní Amẹ́ríkà nígbà tí mò ń kàwé gboyè dókítà. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní ajá pápá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ajá. Ìbátan ọ̀kẹ́rẹ́ ni, ó sanra, inú ihò ló ń gbé ní pápá tí kò nígi, wọ́n sì máa ń pọ̀ lójú kan bí ẹni tó tẹ ìlú dó. Igbe tó ń ké, tó dà bí gbígbó ajá, ló fà á tí wọ́n fi fún un lórúkọ ajá. Ẹranko yìí kò fẹ́ koríko gíga létí ihò rẹ̀ rárá. Ewé tí kò tilẹ̀ fẹ́ jẹ, tó bá ti ga, á gé e lulẹ̀, kí ó lè rí àṣá lókè àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lókèèrè. Ojú rẹ̀ ni ààbò rẹ̀.

Èkejì ni eku omi, tó wà níhìn-ín ní ìlú ọba, ní kánáàlì Thamesmead, odò tóóró tí wọ́n gbẹ́ gba àárín àwọn ilé. Kì í ṣe eku ilé. Imú eku ilé gùn, etí rẹ̀ yọ síta, ìrù rẹ̀ gùn, ó sì pá. Imú eku omi kúrú bíi pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọnú, irun bo etí rẹ̀, irun wà lára ìrù rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí obì tó ti gbẹ. Kì í bá ẹnikẹ́ni du oúnjẹ nínú ilé. Koríko etí omi ló ń jẹ látàárọ̀ dalẹ́, koríko náà ló sì fi ń bora. Òun ni ògiri rẹ̀, òun ni òrùlé rẹ̀. Abiyamọ rẹ̀ nìkan ló ń jẹ ti ẹnu ihò mọ́lẹ̀, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ mélòó kan, nítorí kò fẹ́ rìn jìnnà sí àwọn ọmọ. Lẹ́yìn ìwọ̀n yẹn, igbó ló fẹ́. Ẹni tó bá gba igbó náà lọ́wọ́ rẹ̀ ti tú u síhòhò lójú ọ̀tá.

Ó parí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni àlàyé yẹn gbà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ létí kánáàlì yẹn kí ẹ tó lọ, mi ò rí ìṣẹ́jú mẹ́ta fún yín.

Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń pè mí nígbà tí mo wà ní Amẹ́ríkà. Ẹ ó ti wa bọ́ọ̀sì láti Woolwich dé Thamesmead Town Centre, ẹ ó pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ó bó ọsàn kan sórí tíṣù lórí itan yín, ẹ ó sì fi ìsinmi kékeré yẹn pè mí. Ẹ kì í kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà mi. "Àwọn ajá rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ro oko lónìí?" Ìyẹn ló dùn mọ́ yín jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ níbẹ̀: ẹranko tó ń ro àyíká ilé rẹ̀. Ní abúlé tí wọ́n ti bí yín, ẹni tí igbó bá wọ ilé rẹ̀, ejò ló fìwé pè. Ẹ dìde jẹ́rìí ní sọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun yín pé ẹranko lásánlàsàn mọ̀ pé ìmọ́tótó ṣáájú ìwà-bí-Ọlọ́run. Ẹ gba fọ́tò kan lọ́wọ́ mi, èyí tí ọ̀kan nínú wọn ti dúró lórí ẹsẹ̀ méjì lẹ́nu ihò, tí ilẹ̀ mọ́ yí i ká bí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Nígbà tí a kó kúrò ní Morris Walk tí wọ́n fẹ́ wó ilé wa, fọ́tò yẹn wà nínú àpò àyà yín, ẹ ò jẹ́ kí àwọn akẹ́rù gbé e.

Nígbà tí mo padà dé, tí mo ríṣẹ́ sí Thamesmead, ẹ ní Ọlọ́run ti dá èmi àti àwọn ajá mi padà sílé. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àwọn ìbátan wọn ni, Daddy." Mo sì jẹ́ kó parí síbẹ̀. Kì í tilẹ̀ ṣe ìbátan tímọ́tímọ́. Ọ̀rọ̀ tí mi ò lè kọ sínú ìwé iṣẹ́ mi láéláé ni mo sọ fún bàbá mi lẹ́nu, nítorí pé ó rọrùn.

Ẹ wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orúnkún yín kò jẹ́ kí ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ dé etí omi. Ẹ jókòó sórí bẹ́ńṣì, ẹ bọ́ bàtà yín sílẹ̀, nítorí ẹ ní ẹni tó bá dé ibi omi tí kò gbàdúrà kò moore. Mo wà nísàlẹ̀ nínú ìféfé tó ga jù mí lọ, mò ń fi ọ̀pá ya ewé sọ́tùn-ún sósì. Ẹ pariwo látòkè: "Kí ló dé tí wọ́n jẹ́ kí ibí yìí digbó báyìí? Ta ni ó máa bá ọ gé e?" Mò ń ka ìgbẹ́ wọn lọ́wọ́, mi ò fẹ́ kí iye rẹ̀ dàrú mọ́ mi lójú. Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Daddy, kò sí wàhálà." Kí lẹ fi ìdáhùn yẹn rò? Ṣé pé ọmọ yín ń jìyà tí kò fẹ́ yọ yín lẹ́nu? Ìgbà tí ẹ ń wo koríko yẹn bí ẹni ń wọn ilẹ̀ oko, ṣé ìgbà yẹn lẹ ti pinnu?

Ẹ lọ nínú oṣù kejì. Ìjọ yín sin yín bí ọba, mi ò ní parọ́. Uncle Gbádé kò fi mí sílẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n, ọ̀rẹ́ yín láti ìgbà tí ẹ jọ ń fọ ilé iṣẹ́ kí ẹ tó di awakọ̀. Wọ́n ń bọ̀ láti Woolwich ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ wọn ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, wọn á gbé oúnjẹ síwájú mi, wọn á jókòó títí n ó fi jẹ ẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń ka ohun tó kù.

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù karùn-ún, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, òórùn koríko tútù ló kọ́kọ́ pàdé mi. Mo mọ̀ kí n tó rí i. Láti ibi bẹ́ńṣì lọ dé ìtòsí afárá, wọ́n ti fá etí omi náà bí orí ọmọ tuntun. Ìféfé lọ. Èsìsì lọ. Igi ẹlẹ́gùn-ún tó ń so èso dúdú lọ. Wọ́n ti fi réèkì kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò dúdú, wọ́n so ẹnu àwọn àpò náà dáadáa, wọ́n tò wọ́n lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Ilẹ̀ pupa ló kù, àti ihò. Gbogbo ihò tí mo ti fi ọdún mẹ́rin mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo máa ń wá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó rí ẹyọ kan, là sílẹ̀ gbayawu. Ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn tó ń jẹ ẹja dúró sí òdìkejì omi, kò wo omi rárá. Àwọn ihò ló ń wò.

Ọ̀kan ti wó nítorí ẹsẹ̀ ènìyàn. Mo fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ. Ìtẹ́ wọn wà nínú rẹ̀, koríko tí wọ́n ti fi eyín ya wẹ́wẹ́ tí wọ́n ká bí bọ́ọ̀lù. Ọmọ méjì wà nínú ìtẹ́ náà, ojú wọn kò tíì là. Wọ́n ti tutù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò yẹn gan-an, ẹnì kan ti jó àbẹ́là méje tán, ó sì gbé ápù àti ọsàn kalẹ̀ sórí ewé mímọ́.

Obìnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn dúró bá mi. Ó ní àwọn èèyàn kan ló wá ní Sátidé, pé wọ́n ṣiṣẹ́ gan-an, pé nígbà tí wọ́n ṣe tán wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n kọrin, orin náà dùn títí ojú òun fi ṣomi. Ó ní èèyàn dáadáa ni wọ́n. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú òkú ọmọ eku méjì nínú ìbọ̀wọ́ mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ wọ́n."

Ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú ọgbà àti etí omi níbẹ̀ ni mo kọ́kọ́ pè, nítorí mo fura pé ọwọ́ wọn ni ẹ̀rọ ìgékoríko ti wá. Obìnrin tó gbé fóònù sọ pé sọ́ọ̀ṣì kan ló wá fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ yá a lọ́wọ́ àwọn, pé wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìrántí fún bàbá kan, pé ta ló máa ní rárá sí irú ìyẹn? Mo bi í pé àwòrán ilẹ̀ tí mo yà fún wọn ńkọ́, èyí tí mo fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà sí, tí mo kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé kí ẹnikẹ́ni má gé ibẹ̀ láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá. Ó ní ó ṣeé ṣe kó wà nínú fáìlì. Ó ní kí n má banú jẹ́, koríko á tún hù.

Koríko á tún hù! Daddy, kí wọ́n tó wó ilé wa ní Morris Walk, lẹ́tà ń wá. Ẹ ń kó wọn sínú báàgì náílọ́nù, ẹ ń lọ sí ìpàdé, ẹ ń bínú, ẹ ń béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n sì dá yín lóhùn dáadáa tàbí láìdáa. Ẹ ní ẹnu. Abiyamọ tó wà nínú ihò yẹn, ta ló kọ̀wé sí i? Èmi ni lẹ́tà rẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́, mo fi pẹ́ńsù pupa kọ ọ́, wọ́n sì tì í sínú fáìlì. Ó ṣì ń gbóná lára mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo gba ilé Uncle Gbádé lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyá Ìjọ wà níbẹ̀, wọ́n jọ ń ṣètò orin ìsìn. Uncle dìde, ojú wọn ń dán.

"Dókítà! Ṣé o ti dé ibẹ̀? Ṣé o ti rí iṣẹ́ ọwọ́ wa?"

"Mo ti rí i, sà."

"Ṣé kò mọ́? Tí abẹ́rẹ́ bá jábọ́ síbẹ̀, ènìyàn á rí i. Three hours, non-stop! Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo fi tu àwọn tó wà lẹ́nu ihò, kí ẹ̀rọ má baà ba ẹnu ọ̀nà wọn jẹ́."

"Ẹ ti pa wọ́n, Uncle."

Ìyá Ìjọ gbé gíláàsì ojú wọn sókè. "Pa ta ni?"

"Àwọn ẹranko tó ń gbé ibẹ̀, mà. Àwọn eku omi."

"Eku?" Wọ́n wo Uncle, wọ́n tún wò mí, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn. "Ah-ah! Eku tó wà ní kíṣìnì mi, ó lé ní oṣù mẹ́ta tí mo ti ń pe council, wọn ò wá. Ìwọ wá ń sunkún eku! Jọ̀ọ́, wá kó tèmi náà lọ, kí o máa tọ́jú gbogbo wọn pọ̀."

"Mummy, òfin ilẹ̀ yìí ń dáàbò bò wọ́n. Ẹni tó bá ba ihò wọn jẹ́, ọlọ́pàá lè mú un."

Ẹ̀rín tán nínú yàrá náà. Uncle Gbádé kò bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù, wọn ò bínú. Wọ́n lọ sí ìdí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gbé Bíbélì wọn, wọ́n fa bébà kan yọ láàárín rẹ̀, wọ́n nà án sí mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Bàbá rẹ ló ní ká ṣe é. Ó mú mi búra."

Ẹ̀yìn bébà tí wọ́n fi ń yan oúnjẹ ní ọsibítù ni. Ọwọ́ ìkọ̀wé yín ni, lẹ́tà ńláńlá tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú àmì sí orí gbogbo ọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa ń fi í sí i kódà nínú ìwé ohun tí a fẹ́ rà. *Gbádé, bá mi gé igbó etí omi níbi iṣẹ́ ọmọ mi. Àwọn ẹranko rẹ̀ kò fẹ́ igbó, wọ́n fẹ́ máa rí ọ̀tá. Gé e dé ilẹ̀. Kò ní sọ, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè dá a ṣe.* Ẹ ya àwòrán sí ìsàlẹ̀: ẹranko kan lórí ẹsẹ̀ méjì, ihò, àti ilẹ̀ òfìfo.

Ẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ikú, iṣẹ́ mi lẹ ń ṣe. Mo mọ̀. Mo mọ̀, Daddy, ẹ má rò pé mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mo wà níbẹ̀! Mo jókòó sí ìdí bẹ́ẹ̀dì yẹn, mò ń gé èékánná yín, mò ń sọ àwọn ìròyìn tí kò nítumọ̀. Kí ló dé tí ẹ ò bi mí? Ẹ bi nọ́ọ̀sì nípa oògùn kọ̀ọ̀kan títí ó fi sá fún yín. Ẹ bi Ọlọ́run ní ìbéèrè ní gbangba lójú gbogbo ìjọ. Ẹni tó ti ń ka etí ihò láti ọjọ́ yìí wá jókòó tì yín, ẹ sì lọ fọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lọ ọ̀rẹ́ yín bí ẹni ń ra ẹ̀bùn ní ìkọ̀kọ̀. Ta ní sọ fún yín pé mi ò lè dá a ṣe? Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń dá a ṣe. Kí á má gé e ni iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbẹ̀ gan-an ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo kọ ìwé náà sí ọlọ́pàá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹranko igbó. Kì í ṣe ohun tí mo lè yàn láti ṣe tàbí kí n fi sílẹ̀. Tí mo bá bo ti sọ́ọ̀ṣì bàbá mi mọ́lẹ̀, kò sí ẹnu tí n ó fi bá ẹni tó ń kọ́lé wí lọ́la, gbogbo ihò tí mo ti fa ìlà pupa sí ní gbogbo etí odò yìí á di òfìfo. Ṣùgbọ́n ilé ìtọ́jú arúgbó ni Uncle Gbádé ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti máa ń yẹ ìwé ọlọ́pàá wò kí wọ́n tó gba èèyàn. Tí orúkọ Uncle nìkan bá wà nínú ìwé ọlọ́pàá, mo ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ náà lè bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà mo kọ ọ́ bí mo ṣe ń kọ gbogbo nǹkan, ní ẹsẹẹsẹ. Ẹni tó pàṣẹ. Ẹni tí kò ṣàlàyé fún ẹni tó pàṣẹ. Ilé iṣẹ́ tó yá wọn ní ẹ̀rọ nígbà tí àwòrán ilẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹni tó di ẹ̀rọ mú.

Orúkọ yín ló wà níwájú, Daddy. Orúkọ mi tẹ̀ lé e.

Mo ka ìwé náà fún Uncle kí n tó fi ránṣẹ́, nítorí ó tọ́ sí wọn. Wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń mi orí, títí mo fi dárúkọ yín. Nígbà náà ni ìbínú tó yẹ kó ti wá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

"O kọ orúkọ bàbá rẹ síwèé ọlọ́pàá?"

"Òótọ́ ni, Uncle. Ẹ̀yin lẹ fún mi ní bébà náà."

"Mo fún ọ kí o lè mọ̀ pé ó fẹ́ràn rẹ! Ṣé torí kí o lè fi mú un ni? Pa á rẹ́. Kọ tèmi nìkan."

"Wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Kí wọ́n gbà á! Èmi ní ẹnu, mo lè bá wọn rojọ́. Òkú ò lẹ́nu. Ta ló máa bá ẹ̀gbọ́n mi wí tẹnu rẹ̀? Ọmọ rẹ̀ ló sì ń ta á yìí!"

Mi ò pa á rẹ́. Mo fi ránṣẹ́ níwájú wọn. Wọ́n mú fìlà wọn, wọ́n sì jáde nínú ilé mi láì dágbére, àwọn tí kì í jáde láì gbàdúrà fún mi. Ṣé ẹ̀yin náà ń bínú sí mi níbi tí ẹ wà? Ẹ máa bínú. Ó ti tó àkókò kí ẹ̀yin náà dáhùn fún nǹkan kan. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ẹni mímọ́ ni gbogbo èèyàn ń sọ yín dà, èmi nìkan ló mọ̀ pé ẹ máa ń ṣe ohun tí wọn kò rán yín, tí ẹ ó sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́ títí a ó fi dárí jì yín. Orúkọ yín nínú ìwé yẹn kò lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Ó lè fi iṣẹ́ ọ̀rẹ́ yín sílẹ̀ fún wọn. Ṣé ẹ lè fi ìyẹn dù wọ́n? Mi ò rò pé ẹ máa kọ̀.

Ọlọ́pàá náà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Uncle Gbádé sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta pé, "Na me do am, madam, me alone." Mo gbé bébà ọsibítù náà síwájú rẹ̀, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wo àwòrán ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ méjì yẹn pẹ́. Ó ní ilé iṣẹ́ tó ní àwòrán ilẹ̀ lọ́wọ́ ni òun fẹ́ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ibi tó dúró sí nìyẹn títí di òní. A kò mọ bó ṣe máa parí.

Sátidé tó kọjá, Uncle fúnra wọn pè mí, pé kí n wá fi ohun tí àwọn ṣe hàn àwọn. A rìn láti bẹ́ńṣì dé afárá. Ápù àdúrà yẹn ṣì wà níbẹ̀, nǹkan kan ti jẹ apá kan rẹ̀. Uncle pariwo halelúyà, pé àwọn ẹranko mi ṣì wà láàyè. Mo ní kí wọ́n sinmi, eku ilé pàápàá ń jẹ ápù. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò lè gbà fún Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan?" Mo ní Ọlọ́run náà fẹ́ kí á wo ìgbẹ́.

A wò ó. Nítòsí afárá, koríko tó ìwọ̀n yàrá kan wà tí wọn kò gé. Uncle ní bátìrì ẹ̀rọ ló tán nígbà tí àwọn dé ibẹ̀, pé ó dun àwọn gan-an lọ́jọ́ náà pé iṣẹ́ kò parí. Nínú ìyókù koríko yẹn, lórí pẹrẹsẹ ẹrẹ̀ kan, ìgbẹ́ tútù wà, ó rí bí kóró ìrẹsì tó sanra, kò rùn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni pòròpórò ìféfé wà, wọ́n gé e ní kúkúrú kúkúrú, orí ọ̀kọ̀ọ̀kan dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ti ìrèké tí wọ́n fi àdá ṣá. Mo ní kí Uncle fi ọwọ́ kàn án. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́ wọn. "Ibí nìkan ló kù fún wọn?" Mo ní ibí nìkan, pé tí àwọn tó kù níbẹ̀ bá lè fara dà á títí koríko yóò fi tó orúnkún, ìrètí wà, tí ẹnikẹ́ni bá tún fi ẹ̀rọ kan ibẹ̀, ó parí. Uncle rọra dá èyí tó wà lọ́wọ́ wọn padà sílẹ̀. Wọ́n wá sọ pé bí mo bá lè kọ orúkọ yín sínú ìwé ẹ̀ṣẹ̀, dandan ni kí n kọ ọ́ sínú ìwé àtúnṣe náà. Kí n kọ ohun tó yẹ kí àwọn mọ̀, àwọn á kà á ní sọ́ọ̀ṣì nígbà ìkéde, àwọn á sì kàn án mọ́ òpó létí omi, pé ẹ̀yin lẹ wí bẹ́ẹ̀.

Mo ní ẹ ò wí bẹ́ẹ̀. Mi ò ní parọ́ mọ́ òkú, ì báà jẹ́ irọ́ dáadáa. A jiyàn láti etí omi dé ibùdókọ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé, a ti rí gbólóhùn kan tí àwa méjèèjì lè fọwọ́ sí. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo kọ ìyókù sí. Ìkéde náà nìyí, wọ́n máa kà á lọ́la:

*Ní ìrántí awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó fẹ́ ṣe àwọn ẹranko yìí lóore. Bí o bá fẹ́ gé koríko etí omi, kọ́kọ́ dúró. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, fi ọwọ́ ya ewé, wá ihò tó fẹ̀ tó ẹnu ife tíì, pòròpórò koríko tí wọ́n gé tí orí rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, àti ìgbẹ́ tó rí bí kóró ìrẹsì tí kò rùn. Bí o bá rí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbé ẹ̀rọ rẹ padà, má tẹ ilẹ̀ ibẹ̀, ya fọ́tò rẹ̀, kí o sì pe ẹni tó mọ̀ nípa wọn. Bí o kò bá rí ìkankan, má tíì gé e. Pe ẹni tó mọ̀ kó wá bá ọ wò ó, nítorí ohun tí o kò rí lè wà níbẹ̀.*

Èmi ni, ọmọ yín tó ń bínú sí yín, tí kò sì tíì rí ẹlòmíràn tó lè fẹ́ràn tó yín.